Ẹni Tó Fọ Aṣọ Ààrẹ

Òórùn aṣọ tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń sá sùtánà àwọn aládùúrà sórí okùn, omi ń kán tó, tó, tó sí mi lẹ́sẹ̀, ni òórùn náà gba ojú fèrèsé jáde wá bá mi. Mo rò pé láti ilé kejì ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkòtún, mi ò rí i kí aṣọ jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Àwọn ará àdúgbò a tiẹ̀ máa fi ṣe àwàdà pé bí ìyá yìí bá gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé ewé ẹ̀fọ́, ewé náà á kàn jọ̀lọ̀ ni, kò ní rọ.

Mo sáré wọlé. Ìyá àgbà dúró nídìí tábìlì, ó gbé ọwọ́ lé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, áyọ́ọ̀nù sì jókòó sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun akọ̀wé báńkì kan tó ń gbé lójúlé kẹta sí wa. Èéfín ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ojú ìyá àgbà kò sí lára aṣọ. Rédíò kékeré tó wà lórí fèrèsé ló ń wò, àfi bí ẹni pé èèyàn ló jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní ẹni tó ti fìgbà kan jẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí ti dágbére fáyé.

Mo ké, "Ìyá àgbà! Aṣọ!"

Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò. Àpá rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó rí gẹ́lẹ́ bí ìdí áyọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ẹnu ṣóńṣó níwájú. Ó wò ó títí. Ó ní, "Áà. Mo jó aṣọ olóhun." Ó wá jókòó sórí àpótí, ohun tí kì í ṣe lójúmọmọ bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀, ó sì fa etí ìró rẹ̀ bojú.

Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ìyá tèmi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa, bàbá mi sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè ọya, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó yà sílé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo gbọ́njú sí. Ilé ìwé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rán mi lọ. Bóo ṣe rí mi yìí náà ni mo ṣe rí nígbà yẹn, bí wọ́n bá fi ìwé hàn mí, àwọn kòkòrò dúdú ni mo máa ń rí. Ìyá àgbà náà kò mọ̀wé. Àwa méjèèjì la jọ fọ́jú pọ̀.

Ìkòtún ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀ lónìí. Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti Mushin àti láti Èkó lọ́hùn-ún, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, ṣùgbọ́n láàárín ilé kan sí èkejì, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà níbẹ̀ tó ń mi lẹ́lẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ni gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun jáde láàárọ̀, tó bá fi máa dé láti ibi iṣẹ́, aṣọ ọ̀hún á ti dà bí ẹni tó ta epo sára. Ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ alágbàfọ̀ dára níbẹ̀. Àwọn akọ̀wé, àwọn tíṣà, àwọn aládùúrà tí gbogbo aṣọ ìsìn wọn jẹ́ funfun báláú, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni gbogbo wọn ń kó aṣọ wá.

Jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń ṣe é, ìwọ tóo ń bá mi kọ̀wé yìí, kóo kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe sítáàṣì, Ayọ̀bọ̀ la ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko níbẹ̀. A ó rin ín, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kó tòrò di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀ kùtù, ìyá àgbà á da omi híhó lé e lórí, á máa fi igi rò ó kíkankíkan, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, ó ń ta sánsán bí ẹ̀kọ tí kò tíì jinná dé inú. Búlúù tó ń mú aṣọ funfun tàn ńkọ́? Ó máa ń dì í sínú àkísà, á fi kan omi lẹ́ẹ̀mẹta péré, á gbé e sókè. Mo fi kan omi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ọ̀run lo fẹ́ rán ìjọ lọ ni, tóo fi ń kun aṣọ wọn ní àwọ̀ sánmà?"

Nítorí pé kò mọ̀wé, òwú ló fi ń mọ aṣọ ẹni kọ̀ọ̀kan. Á yọ òwú aláwọ̀ kan, á so kókó sábẹ́ ọrùn aṣọ níbi tí ojú kò lè tó. Kókó pupa méjì, ti tíṣà. Kókó aláwọ̀ ewé kan, ti ìyá ìjọ. Aṣọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lè wà nílẹ̀, kò ní ṣì í.

Ṣùgbọ́n kí aṣọ kankan tó kan omi, àpò ni ó máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ki ọwọ́ bọ inú àpò kọ̀ọ̀kan, á fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde, á kó o sínú agolo, á bò ó. Bí olóhun bá dé, á gbé agolo fún un tẹ̀yìn-tẹ̀yìn, á kọjú síbòmíràn. Ìwé tó ń ta sánsán lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Oògùn wà níbẹ̀. Yẹtí obìnrin tí kì í ṣe ti ìyàwó ilé wà lápò ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀kan, mo rí i nítorí ó jábọ́. Ìyàwó ọkùnrin náà wá bá a, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ rí lápò ọkọ mi?"

Ìyá àgbà ní, "Ìdọ̀tí ni mo rí. Mo sì ti fọ̀ ọ́."

Obìnrin náà bínú lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó kó aṣọ tirẹ̀ náà wá. Ṣóo rí i? Ó ti mọ̀ pé ohun tó bá wà lápò òun náà kò ní jáde. Ọṣẹ wà níbi gbogbo, àbí? Omi kànga wà níbi gbogbo. Ẹnu dídì yẹn ni àwọn ènìyàn ń wá rà.

Ó dáa. Ọjọ́ tí aṣọ jó yẹn, lẹ́yìn tó ti fi omi bọ́jú tán, ó pè mí kí n wá jókòó ti òun. Rédíò ti ń kọ orin àwọn onígbàgbọ́. Ó ní, "Mo fọ aṣọ ọkùnrin yẹn fún ọdún mọ́kànlá."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ààrẹ?"

"Kò tíì jẹ nǹkan kan nígbà yẹn. Ẹ̀bútè Mẹ́ta là ń gbé, yàrá kan ló gbà lókè, èmi àti bàkíìtì mi wà nísàlẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Aṣọ òkè rẹ̀ á máa dán, wàá rò pé ọba ni. Ṣùgbọ́n síngílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta péré ló ní. Mẹ́ta! Mo lẹ̀ wọ́n títí, ibi tí mo lẹ̀ pọ̀ ju ibi tí mi ò lẹ̀ lọ. Nígbà tó wá wọ ilé ìjọba tán, mo ní ó ti parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnìkan gbé ọkọ̀ dúdú wá, ó gbé àpò pépà kan fún mi. Síngílẹ́ẹ̀tì náà ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ọ̀gá ní ìyá tó mọ ibi tó ti ya ni kó bá òun rán an."

Ó wá di etí mi mú, kò fà á, ó kàn dì í mú. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ikú rẹ̀ ló gbà á lẹ́nu mi. Inú rẹ ni kó kú sí. Ṣóo gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ tiwa níbí kéde pé àwọn fún wa ní ọlidé kan láti fi yẹ́ ayé ọkùnrin náà sí. Tiwa nìkan ni o. Àwọn ará òkè ọya lọ́hùn-ún ń lọ síbi iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà, bàbá mi tó wà lọ́nà níbẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ariwo ta. Káńsù ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan péjọ sí pápá ilé ìwé, kí àwọn ọmọdé yan, kí àwọn àgbà sọ̀rọ̀ nípa ayé olóògbé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà nígbà náà, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń lọ. Ní ìdí kànga la máa ń pàdé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde ọlidé yẹn, kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Wọ́n ti yàn án pé òun ni yóò ka ìtàn ayé ààrẹ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ti kọ́ ọ sórí. Á gbé bàkíìtì sílẹ̀, á na ọrùn, á bẹ̀rẹ̀: ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ, ọkọ̀ òkun tó wọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Àwọn ọmọbìnrin yòókù á máa pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó kọjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ààrẹ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí fa omi tèmi.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre," ó sọ fún àwọn yòókù. "Ọmọ alágbàfọ̀, kí ló mọ̀? Ọṣẹ ló mọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Okùn kànga wà lọ́wọ́ mi, mo rántí pé ó ń gún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn kàn yọ́ jáde lẹ́nu mi bí ẹja. Mo ní, "Mo mọ̀ pé síngílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló ní, gbogbo rẹ̀ ló sì ya! Ìyá àgbà mi ló ń bá a lẹ̀ ẹ́!"

Ẹ̀rín gé lẹ́nu wọn. Ó dùn mọ́ mi nínú fún ìwọ̀nba ìgbà tí bàkíìtì máa fi kún. Kí n tó gbé omi délé, mo ti kábàámọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ilé ló ti gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, síngílẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti di ẹyọ kan. Nígbà tó fi máa di òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní ìyá alágbàfọ̀ ní ààrẹ kì í wọ nǹkan kan lábẹ́ agbádá, wọ́n tún ní ó fi ọ̀kan nínú àkísà rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ọmọ á máa kígbe, "Síngílẹ́ẹ̀tì o!" Ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni akọ̀wé báńkì. Ìyá àgbà ti ra ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn rọ́pò èyí tó jó, wọ́n sì ti rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ó dé ní ọjọ́ Mọ́ńdè yẹn, ó kó àdìpọ̀ aṣọ rẹ̀ tí a kò tíì fọ̀.

Ó ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ìyàwó mi á máa fọ̀ ọ́ nílé."

Ìyá àgbà ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ kí i fún mi."

Nígbà tó dé ẹnu géètì, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkan pé, "Ẹni tó lè tú àṣírí ààrẹ, kí ni tèmi jẹ́ lẹ́nu rẹ̀?"

Ìyá àgbà náà gbọ́ ọ. Mo rí bí èjìká rẹ̀ ṣe wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó o lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní àwọn ń lọ sí ìrìn àjò. Àwọn kan kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Okùn mẹ́fà la ní lẹ́yìnkùlé, èyí tí aṣọ máa ń wà lórí rẹ̀ wá ku ọ̀kan ṣoṣo, aṣọ tiwa ló sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹyẹ ẹ̀gà wá ń bà lórí àwọn yòókù. Síbẹ̀, ìyá àgbà ń jí, ó ń ro sítáàṣì rẹ̀ láràárọ̀, bó bá di ọ̀sán tí kò sẹ́ni tó wá, á dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Mo ń dúró de pàṣán. Mo ń dúró kó ní kí n di ẹrù mi. Ó wulẹ̀ ń bu oúnjẹ fún mi bó ṣe máa ń bù ú.

Ìgbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ọlidé náà ni Bàbá Tíṣà dé. Olùkọ́ àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ onílé. Ìdùnnú ló bá wá ní tirẹ̀. Kò tíì jókòó tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Màmá! Ẹ wá ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ láàárín wa! Ààrẹ orílẹ̀-èdè, síngílẹ́ẹ̀tì lílẹ̀! Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún àwọn ọmọ wa, kì í ṣe àwọn tòde òní tí wọ́n ń kó owó ìlú jẹ. A fẹ́ kẹ́ ẹ bọ́ sórí pèpéle, kẹ́ ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́."

Ìyá àgbà bu omi fún un. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

"Ohun tẹ́ ẹ rí!"

"Kò sóhun tí mo rí."

Bàbá Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá orúnkún. "Ẹ wo ìwà ìrẹ̀lẹ̀. Ẹ gbọ́, màmá, mo ti bá àwọn káńsù sọ ọ́. Aṣọ àwọn bẹ́ńdì wọn, gbogbo rẹ̀ pátá, funfun ni. Ẹ sọ̀rọ̀ yìí dáadáa lọ́jọ́ náà, ọ̀dọ̀ yín ni wọn á máa kó o wá lóṣooṣù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀ báyìí."

Ó mọ̀, ṣóo rí i. Gbogbo ayé ló mọ̀.

Ìyá àgbà wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn okùn lásán wà. Ó ní, "Mo máa wá. Mi ò tíì sọ pé mo máa sọ̀rọ̀ o."

"Ẹ máa sọ̀rọ̀ jàre!" Bàbá Tíṣà ní, ó mu omi rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ ọlidé pé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo Ìkòtún dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ariwo ọkọ̀ tó ń pe èrò, àwọn tó máa ń jí lọ sí Èkó ń fọ ẹnu lójúde bí ẹni pé Sọ́ńdè ni. Ìyá àgbà wọ bùbá funfun àti ìró funfun. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́, ó fi sítáàṣì lé e débi pé bó bá ń rìn, aṣọ náà ń dún kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún un lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n a ti dé pápá kí n tó mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀.

Pápá ilé ìwé ti kún. Wọ́n ti bu omi wọ́n ilẹ̀ nítorí eruku, òórùn iyẹ̀pẹ̀ tútù pọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀pà yíyan àti ti káńfọ̀ alékòkòrò tó wà lára agbádá àwọn àgbà. Àwọn ọmọ ilé ìwé yan, apá wọn ń lọ ó ń bọ̀, ìbọ̀sẹ̀ wọn ń tú. Bẹ́ńdì káńsù lu ìlù wọn. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ síwájú, ó ka ìtàn ayé ààrẹ láìṣì í sọ rárá. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wò mí, ó yára gbé ojú rẹ̀ kúrò. Mo rò pé ojú ń ti òun náà.

Bàbá Tíṣà wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ìyá kan wà láàárín wa tó mọ olóògbé láti inú aṣọ rẹ̀ wá. Gbogbo ojú yí padà sí wa. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, "Síngílẹ́ẹ̀tì!" Ẹ̀rín bú gbàmù. Ìyá àgbà dìde. Ó rin ìrìn yẹn láti ibi ìjókòó wa dé orí pèpéle, mo sì ń gbọ́ aṣọ rẹ̀ láàárín ẹ̀rín wọn, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà súfèé nígbà tó súnmọ́ ọn. Ó sún sẹ́yìn bí ẹni tí ewúrẹ́ fẹ́ kàn. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán.

Ó ní, "Mo kí yín o. Òótọ́ ni pé mo fọ aṣọ ọkùnrin yìí fún ọdún mọ́kànlá. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń kí mi kí n tó kí i, á sì bá mi gbé bàkíìtì. Ìta gbangba ló ti ń ṣe ìyẹn, gbogbo ojú ló rí i, ni mo fi lè sọ ọ́. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un."

Ó yí padà láti sọ̀kalẹ̀. Bàbá Tíṣà di apá aṣọ rẹ̀ mú, ó rọ orí sí i létí, ó rò pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lòún ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbé e fún gbogbo wa.

"Màmá, síngílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ̀yẹ ló máa jẹ́ fún un."

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ bẹ́ńdì á wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbé àpò aṣọ rẹ̀ fún un mọ́ láé. Bó bá sì ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ tán, orúkọ rẹ̀ á padà mọ́, èmi ni wọ́n á máa pè ní òpùrọ́. Ó rọrùn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: irọ́ ni. Èmi gan-an ń gbàdúrà pé kó sọ ọ́.

Ìyá àgbà rọra yọ ọwọ́ Bàbá Tíṣà kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé nígbà tó wà láyé, ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ lójú ọjà rí?"

"Rárá o."

"Ẹ ò wá ní bá mi bọ́ ọ báyìí tó ti kú. Bó jẹ́ ẹ̀yẹ, bó jẹ́ ẹ̀sín, ti ẹni tó ni aṣọ ni. Èmi, mo kàn fọ̀ ọ́ ni."

Ó sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ bí àsíá ṣe ń lu igi. Lẹ́yìn náà, obìnrin kan láàárín àwọn aládùúrà tó wọ sùtánà, ìyá ìjọ, ní "Háà!", kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn kan ń kùn pé ìyá yìí ba ètò jẹ́. Bàbá Tíṣà wú ikọ́, ó ní kí bẹ́ńdì máa lù.

Ìgbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà wọ àdúgbò wa, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Mo ní, "Ìyá àgbà, èmi ni mo sọ ọ́."

Ó ní, "Ta ni ì bá tún jẹ́? Ògiri?" Ó ní, "Dìde, o ti kó iyẹ̀pẹ̀ bá aṣọ rẹ, èmi ni mo sì máa fọ̀ ọ́."

Mo ń sunkún. Mo ní kí ló dé tí kò lù mí, kí ló dé tí kò sọ níwájú wọn pé mo purọ́.

Ó rìn díẹ̀ kó tó dáhùn. "O ò purọ́. Ṣé kí n wá fi irọ́ fọ àbàwọ́n? Kò ní mọ́." Ó tún rìn díẹ̀. "Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ọ. Ọdún mélòó ni mo fi dì í mọ́nú, ìbànújẹ́ ọjọ́ kan gbà á lẹ́nu mi. Kí ni mo fẹ́ lù ọ́ fún? Àwa méjèèjì la jẹ̀bi."

Aṣọ bẹ́ńdì káńsù kò wá. Bàbá Tíṣà kò bá wa sọ̀rọ̀ títí di ìgbà Kérésìmesì. Akọ̀wé báńkì kò padà wá mọ́, ó kó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Mi ò ní tàn ọ́ pé gbogbo nǹkan tò padà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé ọlidé náà, ìyá ìjọ gbé àdìpọ̀ ńlá kan dé, ó rù ú lórí. Sùtánà ìjọ àti aṣọ ilé rẹ̀ ló pa pọ̀ sínú rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní, "Màmá, mi ò yẹ inú àpò wọn wò o. Mi ò rò pé ó pọn dandan." Ó lọ.

Ìyá àgbà tú u. Ó gbé agolo jáde. Lẹ́yìn náà, ó ti agolo náà sọ́dọ̀ mi.

"Yẹ àpò wọn wò."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. "Èmi?"

"Àbí ẹlòmíràn wà níbí? Ọwọ́ rẹ ni kó máa ṣe é láti òní lọ. Ọwọ́ tèmi ti ń le."

Kò sí ohun tó le lára ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yẹn tún lọ aṣọ fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn. Mo ki ọwọ́ bọ àpò àkọ́kọ́, mo sì rí nǹkan kan níbẹ̀, mo kó o sínú agolo, mo bò ó. Òun kò wo apá ọ̀dọ̀ mi. Búlúù rẹ̀ ló ń kàn sómi: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Pàṣán ni mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá. Pàṣán ì bá ti tán lára mi kí oṣù tó tán. Agolo yẹn kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ti bá ènìyàn gbé nílé tí ojúlé mẹ́rìnlá wà, mo ti jókòó ti àwọn obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, mo ti bá àwọn ọkùnrin tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ jẹun tí ìyàwó wọn kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi á máa bínú pé ìyá yìí kì í ní ìròyìn. Ìròyìn wà. Ibi tó wà ni ẹ kò lè dé.

O bi mí léèrè ṣáájú, ìwọ ọmọ yìí, pé ṣé kì í ṣe pé mo tún ti tú ọ̀rọ̀ síngílẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe ń jẹ́ kóo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ti rò ó kí n tó pè ọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo ń sọ, aṣọ tèmi ni mo sì ń bọ́, ìyẹn tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tó ni síngílẹ́ẹ̀tì, má fi orúkọ ààrẹ síbẹ̀. Má fi orúkọ ìyá mi àgbà náà síbẹ̀, nítorí bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á mọ ilé tó ti fọ aṣọ. Ọdún tó jẹ́ gan-an, fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé èwo nínú àwọn ààrẹ ni, sọ fún wọn pé èyí tó máa ń kí ènìyàn lórí àtẹ̀gùn ni, kí wọ́n lọ máa wá a.